Ta Ló Kọ Ọ́ Sórí Wọn? Ìdàjèjì àti Kádàrá Nínú Ìtàn Kúkurú Èdè Páṣíà, 1921 sí 1964

Ìfáárà

Ní ìgbà kan tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní lítíréṣọ̀ àfiwé, a fún wọn ní ìtàn kúkurú kan kà, èyí tí Sadegh Hedayat, ọmọ ilẹ̀ Ìráànì, kọ ní èdè Páṣíà, tí a sì ti túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Sag-e Velgard ni àkọlé rẹ̀, èyí tí a lè pè ní 'Ajá Arìnkiri'. Ajá kan tí ó sọ olówó rẹ̀ nù ni ìtàn náà dá lé lórí. Ìlú tí ó bá ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń nà án, wọ́n ń sọ ọ́ ní òkò, títí ó fi ṣubú ní ẹ̀bá ọ̀nà tí kò sì dìde mọ́. A béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ó pa ajá náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: kádàrá rẹ̀ ni.

Ìdáhùn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Báyìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ṣe máa ń parí àlàyé lórí ẹ̀dá-ìtàn tí nǹkan kò ṣẹnuure fún, ìbáà jẹ́ nínú ìwé Yorùbá tàbí nínú ti ilẹ̀ mìíràn. Àwọn kan nínú àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n kọ nípa ìwé àwọn ará Ìlà-Oòrùn náà kì í jáfara láti lo irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, ìgbàgbọ́ nínú kádàrá jẹ́ àbùdá àwọn ènìyàn náà, bí ẹni pé àwọ̀ ara wọn ni. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ jiyàn lé lórí ni pé ìdáhùn náà kò tó, àti pé nínú ìtàn kúkurú Páṣíà ti òde òní, ó tilẹ̀ máa ń bo ojú ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi mọ́lẹ̀. Kádàrá inú àwọn ìtàn wọ̀nyí ní ọjọ́ orí. Lọ́pọ̀ ìgbà, a lè tọ́ka sí ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọwọ́ tí ó ti wá. Láti 1921 tí Mohammad-Ali Jamalzadeh gbé àkójọ ìtàn rẹ̀ jáde, títí di 1964 tí Gholam-Hossein Sa'edi kọ ti abúlé Bayal, ni a ó fi ṣe ààlà iṣẹ́ wa. Ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ka àwọn ìtàn náà; nítorí náà, ọ̀rọ̀ lórí ẹwà èdè wọn kò ní pọ̀ níhìn-ín.

Kádàrá àti Àjèjì

Ọ̀rọ̀ náà, kádàrá, tí a ń lò lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ àyálò ni. Inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, níbi tí qadar ti túmọ̀ sí òdiwọ̀n tí Ọlọ́run yàn fún nǹkan. Ẹ̀sìn Ìsìláámù ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì di ẹgbẹ́ àyànmọ́ àti ìpín tí ó jẹ́ tiwa látilẹ̀wá. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ti wọ èdè Páṣíà láti ayébáyé. Qaza va qadar ni wọ́n máa ń pè é, ìyẹn ìdájọ́ àti òdiwọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní tiwọn tí wọn kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sarnevesht ni wọ́n ń pè é. Sar ni orí. Nevesht ni ohun tí a kọ. Ohun tí a kọ sórí ènìyàn ni sarnevesht. Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè àlàyé.

Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Ní ti Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ Ifá (1976), ẹni tí ó ń bọ̀ wá sáyé ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan orí ní ilé Àjàlá, ẹsẹ̀ sì tún wà tí ó dúró fún akitiyan. Sarnevesht kò ní ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó mú gègé dání. Nínú ewì àtijọ́ ti Páṣíà, òfurufú tí ń yí bí àgbá kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, a sì mọ Omar Khayyam, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ọmọ ìlú Nishapur tí ó kú ní 1131, mọ́ irú ẹ̀dùn ọkàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bínú sí òkè ṣì gbà pé nǹkan kan wà lókè tí ìbínú òun lè kàn. Ìtùnú wà nínú ìyẹn, bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

Ìdàjèjì ni ọ̀rọ̀ wa kejì. A lò ó fún ipò ẹni tí ó di àlejò nínú ìlú rẹ̀, nínú ilé rẹ̀, tàbí nínú ara rẹ̀ pàápàá. Ó ju ìdáwà lọ. Àgbẹ̀ lè dá wà nínú oko rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí inú rẹ̀ sì máa dùn. Gharib ni Páṣíà ń pe àjèjì, ghorbat sì ni ipò ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ àjèjì. Orísun Lárúbáwá kan náà ni gharb ti wá, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn. A ó tún padà sí èyí.

Ẹni Mẹ́rin Nínú Àtìmọ́lé Kan

Ní 1906, lẹ́yìn tí àwọn oníṣòwò, àwọn àáfáà àti àwọn ọmọ ìlú ti fi ẹ̀hónú hàn ní Tehran, ọba ilẹ̀ Páṣíà fi ọwọ́ sí ìwé òfin àkọ́kọ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì bẹ̀rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí ọmọ rẹ̀ tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ fi yìnbọn àgbá lu ilé ìgbìmọ̀ náà ní 1908. Lára àwọn tí wọ́n pa lọ́dún náà ni Seyyed Jamal al-Din, ọmọ Isfahan, oníwàásù tí ó fi ohùn rẹ̀ ja ìjà ìwé òfin. Bàbá Jamalzadeh ni. Ọmọ náà wà lẹ́yìn odi nígbà náà, kò sì padà wá gbé ilẹ̀ baba rẹ̀ pẹ́ mọ́. Geneva ni ó kú sí ní 1997, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. A fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn: ẹni tí wọ́n ń pè ní baba ìtàn kúkurú Páṣíà lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjèjì.

Ìlú Berlin ni a ti tẹ ìwé rẹ̀ ní 1921. Yeki Bud Yeki Nabud ni ó pè é, ìyẹn gbólóhùn tí àwọn ará Páṣíà fi ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́, bí àwa náà ti ń ké 'Ààlọ́ o'. Ìtàn mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù ni Farsi Shekar Ast, 'Ṣúgà ni Èdè Páṣíà'. Asọ̀tàn dé láti Yúróòpù sí èbúté Anzali, ó dé àkẹtẹ̀ òyìnbó, àwọn òṣìṣẹ́ ibodè sì tì í mọ́lé. Ó bá àáfáà kan níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kún fún Lárúbáwá, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó wọ kọ́là gíga tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kún fún Faransé. Láìpẹ́, wọ́n ti Ramazan wọlé, ọmọ iṣẹ́ ní ilé kọfí tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Ó bi àáfáà léèrè ìdí tí wọ́n fi tì wọ́n mọ́lé. Kò gbọ́ èsì rẹ̀. Ó bi oníkọ́là. Kò gbọ́ tirẹ̀ náà. Ẹ̀rù ba ọmọ yìí, ó gbà pé àǹjọ̀nú ti gbé àwọn méjèèjì, ó sì ń lu ilẹ̀kùn pé kí wọ́n má fi òun sí àárín àwọn wèrè. Àfìgbà tí asọ̀tàn fi Páṣíà pọ́ńbélé bá a sọ̀rọ̀ ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ẹ̀rín ni ìtàn náà ń pa ènìyàn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ìdàjèjì ti wà nínú rẹ̀. Ramazan wà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Kò sí kádàrá kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìwé ni ó ya àwọn mẹ́rin yìí sọ́tọ̀ síra wọn. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè abínibí kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún èyí sọ fún wa.

Nínú oṣù Èrèlé ọdún 1921 yẹn kan náà ni ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Reza Khan kó ọmọ ogun wọ Tehran. Ní 1925 ó di ọba. Ẹ̀rín Jamalzadeh kò sì rí ibi fìdí kalẹ̀ mọ́. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí ó tó tún gbé ìwé ìtàn mìíràn jáde.

Hedayat àti Àwọn Tí A Sin Láàyè

Ìdílé ńlá ni a bí Sadegh Hedayat sí ní Tehran ní 1903. Ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá rẹ̀, Reza-Qoli Khan Hedayat, jẹ́ akéwì àti òpìtàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọba rán Sadegh lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù ní 1926 láti kàwé. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Faransé. Ní 1928 ó bẹ́ sínú odò Marne, wọ́n sì yọ ọ́. Ó padà sílé ní 1930 láìgba oyè kankan, ó sì di akọ̀wé ní báǹkì. Láàárín ọdún yẹn sí 1942 ni ó kọ àwọn ìtàn kúkurú tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Paris ni ó ti gbẹ̀mí ara rẹ̀ nínú oṣù Igbe 1951. Nítorí ikú yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ka gbogbo ìwé rẹ̀ bí ìwé ìdágbére, àwọn òbí kan ní Ìráànì sì ti kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má ṣe ka Buf-e Kur, ìtàn gígùn rẹ̀ nípa òwìwí afọ́jú. Ní èrò tiwa, kíkà bẹ́ẹ̀ kò ṣe àǹfààní fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gba ojú wa kúrò lára ohun tí ó kọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo Abji Khanom, ìtàn kan nínú àkójọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Zendeh be Gur ('Ẹni Tí A Sin Láàyè', 1930). Láti ìgbà tí ọmọbìnrin yìí ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún un pé ó burẹ́wà, pé kò ní rí ọkọ fẹ́. Ọmọ náà gbà. Ó gbájú mọ́ àdúrà àti ààwẹ̀, nítorí bí ayé kò bá fẹ́ òun, ọ̀run yóò fẹ́ òun. Àbúrò rẹ̀, Mahrokh, rẹwà. Ní òru tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó Mahrokh, wọ́n bá òkú ẹ̀gbọ́n nínú ìkùdu omi ilé wọn.

Ta ni ó kọ ìpín Abji Khanom? Hedayat kò fi pamọ́. Ìyá rẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹnu, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọmọ náà fi ka ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sí ìwé tí ó ti ọ̀run wá. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú kíláàsì rí mọ̀ pé ìyá nìkan kọ́ ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ tí ó pe ọmọ kan ní olódo láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀, tí ó sì wá sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ni ó rí, ti mú gègé náà dání.

Dash Akol yàtọ̀ sí èyí. Inú Se Qatreh Khun ('Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Mẹ́ta', 1932) ni ó wà. Akọni ìlú Shiraz ni Dash Akol, ẹni tí àwọn aláìní fẹ́ràn. Ọlọ́rọ̀ kan kú, ó sì fi í ṣe alágbàtọ́ ìdílé rẹ̀. Ojú Dash Akol kan Marjan, ọmọbìnrin olóògbé, ìfẹ́ sì wọ ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni kì í ṣe ohun tí a ń gbé sápò. Fún ọdún méje ni ó fi bójú tó dúkìá wọn láìsọ̀rọ̀. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa Marjan fún ọkùnrin mìíràn. Kaka Rostam, ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́, gún un lọ́bẹ lẹ́yìn náà. Odídẹrẹ́ rẹ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí Marjan ni ó tú àṣírí ìfẹ́ náà. Àwọn kan a máa ka èyí sí kádàrá. Lójú tiwa, ìlànà ọmọlúàbí ni, èyí tí ọkùnrin náà fi ojú ara rẹ̀ yàn, tí ó sì san owó rẹ̀ pé. Òun ni ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo nínú gbogbo àwọn tí a ń yẹ̀ wò tí a lè sọ pé ó ní ẹsẹ̀.

Ìgbà tí ó ń kọ àwọn ìtàn wọ̀nyí jẹ́ ìgbà tí Reza Shah ń la ọ̀nà ojú irin, tí ó ń kọ́ ilé ìwé, tí ó sì dá Yunifásítì Tehran sílẹ̀ ní 1934. Ó jẹ́ ìgbà tí ọlọ́pàá ń já ìbòjú kúrò lórí obìnrin ní ìgboro, láti 1936 tí àṣẹ náà jáde. Ìgbà tí a ń pàṣẹ irú fìlà tí ọkùnrin gbọ́dọ̀ dé. Ní 1937 wọ́n kó àwọn mẹ́tàléláàádọ́ta sẹ́wọ̀n nítorí èrò òṣèlú. Ọ̀kan nínú wọn ni Bozorg Alavi, ọ̀rẹ́ Hedayat, òǹkọ̀wé bíi tirẹ̀. Hedayat kò lè tẹ Buf-e Kur sí Tehran. Bombay ní Íńdíà ni ó ti ṣe ẹ̀dà àádọ́ta péré ní 1936, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tà á ní Ìráànì. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ sọ pé ọba ni ó ṣe é yóò wá orúkọ mìíràn fún ọba. Sarnevesht wà nílẹ̀, kò sì sí amòfin tí yóò mú ènìyàn nítorí pé ó dá òfurufú lẹ́bi.

Ajá Arìnkiri jáde ní 1942, ọdún kan lẹ́yìn tí ọmọ ogun Bírítéènì àti ti Soviet wọ Ìráànì tí Reza Shah sì gbé adé sílẹ̀. Pat ni orúkọ ajá náà. Irú ajá ilẹ̀ Scotland ni. Olówó rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e dé Varamin, ìlú kékeré kan ní gúúsù Tehran. Ibẹ̀ ni òórùn abo ajá kan ti fà á lọ. Nígbà tí yóò fi padà dé, olówó rẹ̀ ti lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ènìyàn ojúde ọjà ni ó ń gbá a nípàá. Wọ́n tilẹ̀ gbà pé èrè ń bẹ níbẹ̀, nítorí pé aláìmọ́ ni ajá nínú ẹ̀sìn wọn. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ, Pat sáré tẹ̀lé e títí agbára rẹ̀ fi pin. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, kannakánná mẹ́ta bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń dúró de ojú rẹ̀.

Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé kò sí ibi kan tí ọwọ́ ọ̀run ti wọ inú ìtàn yìí. Olówó ajá kò dúró dè é. Apẹran lù ú, àwọn ọmọdé sọ ọ́ lókò. Ẹni tí ó ṣàánú rẹ̀ ṣe é fún wákàtí díẹ̀, ó sì lọ. Ìṣe ènìyàn ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tóbi tó ohun tí a lè torí rẹ̀ gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́. Àròpọ̀ wọn ni ó pa ajá. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pè ní kádàrá nìyẹn.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àlàyé wa bá gbogbo ìtàn Hedayat mu. Nínú Bon-bast ('Ọ̀nà Tí Kò Já Síbì Kan'), tí ó wà nínú àkójọ kan náà pẹ̀lú ti ajá, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tí ń jẹ́ Sharif, tí omi gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lójú rẹ̀ ní ìgbà èwe wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ọ̀rẹ́ náà wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu. Sharif gbà á sílé, ayé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Omi inú àgbàlá ilé Sharif ni ó tún pa ọmọ náà. Níhìn-ín kò sí ìyá tí ó sọ̀rọ̀ burúkú, kò sí ọba, kò sí apẹran. Ìṣẹ̀lẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì sọ ìdí. A gbà pé Hedayat gbà pẹ̀lú Khayyam, ẹni tí ó kọ ìwé lé àwọn orin rẹ̀ lórí ní 1934, pé ayé kò ní àlàyé. Ohun tí ó tún fi kún un ni pé kò fi ẹnikẹ́ni sókè láti bá bínú. Kò yà wá lẹ́nu pé òun ni ó kọ Payam-e Kafka ('Iṣẹ́ Tí Kafka Rán') ní 1948, nípa òǹkọ̀wé tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ń jẹ́ ẹjọ́ níwájú adájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ọwọ́ Inú Àgò

Sadeq Chubak, ọmọ èbúté Bushehr tí a bí ní 1916, kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún òfurufú. Ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Nínú àkójọ rẹ̀ ti 1949, ìtàn kan wà tí kò ju ojú ìwé díẹ̀ lọ, Qafas, 'Àgò'. Adìyẹ ni ó kún inú àgò náà, wọ́n ń ṣá ara wọn lẹ́nu lórí ìgbẹ́ ara wọn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kan á wọlé, á fa ọ̀kan jáde, wọn á sì dú u lójú àwọn yòókù. Àwọn yòókù á wò ó, wọn á tún padà sí ìjà wọn. Chubak kò fi ojú ẹni tí ó ni ọwọ́ hàn wá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni. A rí i. Adìyẹ lè pe èyí ní kádàrá, nítorí pé àgò ni gbogbo ayé rẹ̀. Òǹkàwé tí ó wà lóde àgò kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn tí ó fún àkójọ náà ní orúkọ ni ti ọ̀bọ kan tí eléré tí ó ni ín kú. Makhmal ni orúkọ ọ̀bọ náà. Lábẹ́ igi ńlá kan ní pápá Shiraz ni ó ti jí tí ó bá olówó rẹ̀ ní òkú. Olówó yìí ti lù ú, ó ti fi ebi pa á, ó ti fín èéfín ópíọ́mù sí i lójú títí ópíọ́mù fi di bárakú fún un. Makhmal fa èèkàn rẹ̀ tu, ó lọ, ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà ń wọ́ tẹ̀lé e. Olùṣọ́-àgùntàn fẹ́ pa á lára, ẹyẹ àṣá kọ lù ú. Kò rí ibì kankan sá sí ju ọ̀dọ̀ òkú lọ, ó sì padà síbẹ̀. Bí ìtàn ti ń parí, àwọn asun-èédú méjì ń bọ̀ pẹ̀lú àáké, ọ̀bọ sì ń gé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ti ka ìtàn yìí mọ́ ipò Ìráànì lẹ́yìn 1941: olówó lọ, ẹ̀wọ̀n kù. A gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wù wá jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ópíọ́mù. Ẹ̀wọ̀n irin wà lọ́rùn Makhmal. Èyí tí ó dá a padà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdàjèjì rẹ̀ dé ojú ẹ̀ nígbà tí òmìnira tìkára rẹ̀ di ilẹ̀ àjèjì fún un.

Ṣé òǹkàwé ti ṣàkíyèsí pé ẹranko ni a ń bá lọ? Ajá, adìyẹ, ọ̀bọ. Màálù sì ń bọ̀. Ẹranko kò lè sọ pé ẹjọ́ òun kọ́. Nínú orílẹ̀-èdè tí a ti ń fi ẹnu ènìyàn dè, bóyá ẹranko ni ó yẹ kí a gbé síta láti jẹ́rìí.

Lẹ́yìn 1953

Mohammad Mosaddegh, olórí ìjọba tí ó gba epo rọ̀bì ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Bírítéènì ní 1951, ni wọ́n fipá yọ nípò nínú oṣù Ògún 1953. Amẹ́ríkà àti Bírítéènì ni ó wà lẹ́yìn ìfipágbàjọba náà. Ìrètí àwọn òǹkọ̀wé tí ó ti sọjí láti 1941 wọlẹ̀. Ẹni tí yóò bá sọ pé ìjuwọ́sílẹ̀ inú ìwé ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ àbùdá Ìlà-Oòrùn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí ó fi pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kan pàtó tí a mọ̀.

Ìwé Jalal Al-e Ahmad tí àwọn olùkọ́ yóò gbádùn jù ni Modir-e Madreseh ('Ọ̀gá Ilé Ìwé', 1958), bí ó tilẹ̀ gùn ju ìtàn kúkurú lọ díẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ni tí iṣẹ́ náà sì ti sú wá ipò ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn odi Tehran, kí ó lè sinmi. Kò sinmi. Bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà kan gbá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Níkẹyìn ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Al-e Ahmad fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Òun náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ gharbzadegi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn ní 1962, ìyẹn àrùn tí ìwọ̀-oòrùn kó ranni, tí ó fi wé kòkòrò tí ń jẹ inú àlìkámà tí èèpo rẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ lóde. Níhìn-ín ni gharb àti gharib, ìwọ̀-oòrùn àti àjèjì, ti pàdé.

Ìyàwó rẹ̀, Simin Daneshvar, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó tẹ àkójọ ìtàn kúkurú jáde ní Ìráànì, ní 1948. Nínú ìtàn tí ó fi sọ àkójọ rẹ̀ ti 1961 lórúkọ, Shahri chon Behesht ('Ìlú Bí Àlùjánnà'), Mehrangiz, ìránṣẹ́bìnrin tí ó ti inú ìran ẹrú aláwọ̀ dúdú wá, ń sìn nínú ilé àwọn ẹlòmíràn. Láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú irú ẹrú bẹ́ẹ̀ gba orí omi lọ sí ilẹ̀ Páṣíà; ní 1929 ni òfin fòpin sí ẹrú níbẹ̀. Ìtàn Mehrangiz yẹ fún iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀, pàápàá láti ọwọ́ àwa ọmọ Áfíríkà. Ó tó láti sọ níhìn-ín pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìwé tí a yẹ̀ wò tí ó hàn gbangba bíi tirẹ̀ pé ọjà ni ó kọ ìpín rẹ̀.

Màálù Bayal

Oníṣègùn ọpọlọ ni Gholam-Hossein Sa'edi, ọmọ Tabriz tí a bí ní 1936. Azadaran-e Bayal ('Àwọn Aṣọ̀fọ̀ Bayal', 1964) jẹ́ ìtàn mẹ́jọ tí ó so mọ́ra nípa abúlé kan tí ebi, àìsàn àti ìbẹ̀rù àwọn olè abúlé kejì kò jẹ́ kí ó sùn. Ìkẹrin nínú wọn ni Dariush Mehrjui sọ di fíìmù Gav ní 1969.

Mashdi Hasan ni ó ni màálù kan ṣoṣo. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ènìyàn ti ń fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn lọ. Ó lọ sí ìrìnàjò, màálù kú. Àwọn ará abúlé mọ̀ pé ìròyìn náà lè pa á. Eslam, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ jù láàárín wọn, àti àwọn yòókù gbìmọ̀. Wọ́n ju òkú màálù sínú kànga, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé màálù náà sá lọ ni. Hasan dé, wọ́n pa irọ́ náà fún un. Kò gbà á gbọ́. Ó ní màálù òun kì í sá. Ó wọ ibùso màálù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko, ó ń dún bíi màálù, títí ó fi ní òun kọ́ ni Hasan, màálù Hasan ni òun. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ fi okùn dì í, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn ìlú ńlá. Nínú fíìmù, Eslam gbé pàṣán sókè sí i lójú ọ̀nà, ó sì jágbe mọ́ ọn bí ẹni ń jágbe mọ́ ẹran. Kò pẹ́ tí Hasan fi já bọ́ sínú ọ̀gbun.

Nínú àwọn ìtàn yòókù, a wá ọwọ́ tí ó kọ ìpín, a sì rí i: ọwọ́ ìyá, ọwọ́ eléré, ọwọ́ inú àgò. Níhìn-ín ọwọ́ àwọn aládùúgbò ni, àánú sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí ọ̀tá nínú wọn. Àwọn olè abúlé kejì tí gbogbo Bayal ń bẹ̀rù kò fọwọ́ kan màálù náà. Àyẹ̀wò wa le jù níbí, nítorí pé a kò lè sọ pé ẹni burúkú kan ni ó fi orúkọ kádàrá bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá inú ti Shah mú Sa'edi ní 1974, wọ́n sì jẹ ẹ́ níyà. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ti 1979, ó tún sá fún ìjọba tuntun lọ sí Paris, ó sì kú síbẹ̀ ní 1985. Ibi ìsìnkú Père Lachaise ni a sin ín sí, níbi tí a sin Hedayat sí ní 1951.

A fi fíìmù náà han kíláàsì wa ní sáà tí ó tẹ̀lé ti ajá. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti kọ 'kádàrá rẹ̀ ni' nípa Pat ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ kádàrá. Ó ní ìyàwó Hasan ńkọ́, ẹni tí ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé màálù ti kú. Kí ló dé tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́? Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé àwọn àgbà abúlé ti ní kí ó dákẹ́. Wọ́n ń jiyàn náà lọ títí aago fi lù.